Ọdẹ́wùyì Wọ Igbó Àìkà Nítorí Ìkìlọ̀ Tí Kò Dé

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin àlejò. Ẹni tí ikọ́ ń hà lọ́fun, kí ó wú u tán báyìí. Ẹni tó gbé ìkòkò kaná, kí ó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, nítorí ìtàn tí mo gbé dé kì í dúró de ẹni tó bá yà sẹ́yìn ilé. Ẹ má sì fi ojú arúgbó lásán wò mí. Èmi tí ẹ ń wò yìí ti wo ojú ẹfọ̀n títí ẹfọ̀n fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀. Mo ti sùn nínú ihò ejò, ejò sì ní kí n jọ̀ọ́ kí n sún díẹ̀ kí òun lè ráyè nasẹ̀, bẹ́ẹ̀ ejò kò lẹ́sẹ̀! Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ojú mi ti rí, eré òṣùpá ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ojú Ọdẹ́wùyì rí. Nítorí náà, ìtàn tirẹ̀ ni n óò sọ. Èmi àti òun ni a jọ kọ́ṣẹ́ ọdẹ lábẹ́ ọ̀gá kan náà, ẹnu rẹ̀ ni mo sì ti gbọ́ ọ.

Ìlú Ìdó-Eréjà ni Ọdẹ́wùyì ti ń ṣọdẹ, òun sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọdẹ ibẹ̀. Ẹgbẹ́ náà kì í pa ẹran nìkan, àwọn ni ojú ìlú. Odò ńlá kan gba abẹ́ òkè wọn kọjá lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, níbi tí abúlé àwọn àgbẹ̀ tò sí etí omi bí ìlẹ̀kẹ̀ sí ọrùn ọmọge. Bí omi bá fẹ́ kún, àwọn tó wà lórí òkè ni í kọ́kọ́ rí i, iṣẹ́ Ọdẹ́wùyì sì ni láti kìlọ̀ fún àwọn ará ìsàlẹ̀. Láyé àtijọ́, ìbọn ni wọ́n ń yìn. Nígbà tí abúlé pọ̀ jù, tí ìró ìbọn kò dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn mọ́, ẹgbẹ́ ra kọ̀ǹpútà, wọ́n gba orúkọ fún ara wọn nínú ayé ímeèlì, Ọdẹ́wùyì sì gba àdírẹ́sì gbogbo ará odò jọ. Bí ó bá kọ ìkìlọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo, tó tẹ bọ́tìnnì, yóò pín sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún, yóò sì wọ fóònù oníkálukú. Òun rò pé ó ń wọ̀ ọ́.

Ní ọdún kan, òjò rọ̀ títí igbín fi gun orí àjà. Ọdẹ́wùyì rí i pé omi ti bo àpáta tí wọ́n fi ń ṣọ́ odò, ó sáré délé, ó kọ ọ́ pé: "Omi ń bọ̀. Ẹ má kó ẹrù. Ẹ gun òkè." Ó tẹ bọ́tìnnì, ó jókòó, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Omi náà lọ. Abúlé Ẹ̀bádò ni ó kọ́kọ́ kàn, ó sì bá wọn nídìí ẹ̀kọ àárọ̀. Kò sí ẹni tó dìde. Ògiri wó lu baba, ẹní gbé ọmọ tó wà lórí rẹ̀ lọ, àwọn ewúrẹ́ ń fò sórí òrùlé, òrùlé náà sì ń bá omi lọ.

Nígbà tí omi fà, obìnrin kan tó ń jẹ́ Ṣọlápé, tí omi gba ọmọ rẹ̀ méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀, rìn wá sí Ìdó-Eréjà pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára. Ó dúró níwájú ilé ẹgbẹ́ ọdẹ.

"Ta ni akọ̀wé yín?"

"Èmi ni, ẹ̀yin ìyá."

"Ojú yín ni omi gbà kọjá. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?"

"Mo sọ fún yín!" ni Ọdẹ́wùyì wí. "Kí omi tó kúrò lẹ́sẹ̀ òkè ni mo ti fi ímeèlì ránṣẹ́ sí gbogbo yín."

Ṣọlápé tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó mú fóònù jáde, ó nà án sí i. "Wá a fún mi."

Ọdẹ́wùyì wá a láàárín àwọn lẹ́tà, kò rí i. Nígbà tó yá, ó ṣí àpótí ìdọ̀tí, níbi tí fóònù ń da ìwé àwọn gbájúẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni ìkìlọ̀ rẹ̀ wà, láàárín ẹni tó ń ta oògùn tó ń sọ arúgbó di ọmọge àti ẹni tó ní ọba kan kú, ó sì fi wúrà sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá dá òun lóhùn. Lábẹ́ rẹ̀, ó tún rí òmíràn pẹ̀lú orúkọ ẹgbẹ́ wọn gan-an: "Ẹgbẹ́ Ọdẹ Ìdó-Eréjà kí yín. Ẹ fi nọ́ńbà àṣírí báńkì yín ránṣẹ́, kí a lè fi owó ìrànwọ́ omíyalé síbẹ̀." Ọdẹ́wùyì kò kọ ọ́ rí. Ó tún rí irú rẹ̀, ó tún rí irú rẹ̀. Ẹnìkan ti ń gbé orúkọ wọn wọ̀ bí agbádá, ó ń fi í jalè káàkiri, débi pé kò sí oníbodè kan, àwọn tó ń yẹ ímeèlì wò kó tó wọlé, tó tún gba orúkọ náà gbọ́.

Ṣọlápé gba fóònù rẹ̀ padà. "Omi ń gbé àwọn ọmọ mi lọ," ó ní, "ọ̀rọ̀ tí ì bá gbà wọ́n là sì wà nídìí aṣọ mi, kò fọhùn." Ó yí padà, ó lọ. Kò sunkún. Ọdẹ́wùyì sọ fún mi pé ẹkún ì bá sàn fún òun.

Akínjọ́gbìn, Olúọdẹ wọn, tu itọ́ sílẹ̀. "Ọdẹ́wùyì, ẹni tí a rán níṣẹ́ là á bi. Lọ sí ibi tí ohùn wa ń bọ́ sí. Mọ ohun tó ń pa á níbẹ̀. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, má padà wá jókòó láàárín ọkùnrin."

Mo mọ̀ pé ẹ óò bi mí pé báwo ni ẹlẹ́ran ara ṣe ń wọ inú àpótí ìdọ̀tí fóònù. Ẹni tó bá fẹ́ bi mí, kí ó kọ́kọ́ fi ọ̀nà tí àlá ń gbà wọ orí rẹ̀ hàn mí. Ọdẹ́wùyì gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó dojú kọ ibi tí ìkìlọ̀ rẹ̀ ṣubú sí, ó pe orúkọ baba rẹ̀, ó ṣẹ́jú pẹ́, igbó sì gbé e mì.

Igbó Àìkà ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a kò kà ni ó ń gbé níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a kò sì kà sí. Igi ibẹ̀ kò ní ewé. Etí ni ó so wìtìwìtì, wọ́n sì fi òwú dí gbogbo etí náà. Iṣẹ́ yòówù tí oníbodè bá jù nù, ibẹ̀ ni ó ń já bọ́ sí pẹ̀lú ara ènìyàn àti ìrora ènìyàn. Kò pẹ́ tí Ọdẹ́wùyì fi bọ́ sáàárín àwọn eléyín wúrà, tí wọ́n ń pariwo pé, "O ti jẹ ẹ̀bùn! O ti jẹ ẹ̀bùn!" Wọ́n fa aṣọ rẹ̀ ya, wọ́n ń tú àpò rẹ̀. Obìnrin kan ń pè é ní olólùfẹ́. Ó lẹ́wà dé ọrùn, láti ọrùn dé ilẹ̀ ìwọ̀ ẹja ni gbogbo ara rẹ̀. Ó dì mọ́ Ọdẹ́wùyì, nígbà tí Ọdẹ́wùyì sì já ara rẹ̀ gbà, ẹran èjìká rẹ̀ kò bá a lọ tán.

Ṣùgbọ́n àwọn olóòótọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìyẹn ló burú jù. Bàbá arúgbó kan jókòó sí ìdí igi, ó ń sọ pé, "A ti gbà ọ́ síṣẹ́, Mọ́ńdè ni kí o wá. A ti gbà ọ́ síṣẹ́, Mọ́ńdè ni kí o wá." Ọ̀dọ́ ni nígbà tí wọ́n rán an. Obìnrin kan gbé èsì àyẹ̀wò ilé ìwòsàn lọ́wọ́, ó ń wá ẹni tó ni ín, ẹni tó ni ín sì ti kú.

Níbi tí ilẹ̀ ti rọra dà gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ ni Ọdẹ́wùyì ti rí àwọn ìkìlọ̀ tirẹ̀. Ọmọbìnrin ni gbogbo wọn, ojú kan náà ni wọ́n ní, ojú Ọdẹ́wùyì fúnra rẹ̀ ni, pẹ̀lú èjí tó wà láàárín eyín rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn dùbúlẹ̀ lórí ara wọn bí igi ìdáná. Ibi tí oníbodè ti jù wọ́n ti ṣẹ́ wọn lẹ́sẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n ń fi ìgúnpá wọ́, wọ́n ń kígbe pé, "Omi ń bọ̀! Ẹ gun òkè!" Ọ̀kan nínú wọn dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

"Bàbá, ẹ gbé mi dìde. N kò tíì jẹ́ iṣẹ́ mi."

Ọdẹ́wùyì bẹ̀rẹ̀, ó gbé e. Ó fúyẹ́ bí ìyẹ́.

"Bàbá, ṣé wọ́n gun òkè?"

Ọdẹ tó ń bá ẹkùn sọ̀rọ̀, kò lè wo ojú ọmọ yìí. Ó wo ilẹ̀. "Wọ́n gùn ún."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn, ọmọ mi. Àwọn ọmọdé ló ṣáájú."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó pàtẹ́wọ́. Ibi tó ti ń pàtẹ́wọ́ ni àwọn Agbálẹ̀ ti dé, àwọn òmìrán aláìlójú tí ń gbá Igbó Àìkà mọ́ nígbà tí òṣùpá bá ti yípo tán. Ọwọ̀ irin ni wọ́n fi ń gbálẹ̀, kòtò iná ni wọ́n sì ń gbá gbogbo rẹ̀ dà sí. Ọdẹ́wùyì yìnbọn lù wọ́n; ọta náà di ìdọ̀tí lójú òfuurufú, wọ́n gbá a mọ́ ìyókù. Wọ́n já ọmọ náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín pé àwọn ọmọdé ló ṣáájú, títí iná fi dé ẹnu rẹ̀.

Ní etí kòtò náà, ọkùnrin kan ń yáná. Ó dé fìlà Ọdẹ́wùyì, ó wọ ẹ̀wù Ọdẹ́wùyì, nígbà tó sì kọjú síhìn-ín, ojú Ọdẹ́wùyì ni.

"Ta ni ọ́?" ni Ọdẹ́wùyì bi í.

"Ọdẹ́wùyì ni mí, akọ̀wé ẹgbẹ́ ọdẹ Ìdó-Eréjà. Ìwọ ńkọ́?"

Bí ó ṣe pàdé Agbórúkọwọ̀ nìyẹn, ọ̀bàyéjẹ́ tí kò ní orúkọ tirẹ̀, tó ń fi orúkọ olórúkọ jẹun. Ọdẹ́wùyì fò mọ́ ọn, ó na ọwọ́ sí i, ó pè é lẹ́jọ́ bí àgbà ọdẹ: "Mo fi orúkọ Ọdẹ́wùyì dè ọ́ tọwọ́ tẹsẹ̀!" Kíá ni okùn yọ láti inú ilẹ̀, ó sì de Ọdẹ́wùyì fúnra rẹ̀ tọwọ́ tẹsẹ̀. Agbórúkọwọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó gba ìbọn Ọdẹ́wùyì, ó fi ìdí rẹ̀ lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ títí egungun ìhà rẹ̀ fi dún bí ẹ̀ka gbígbẹ.

"Kí ni mo fi ṣe ọ́?" ni Ọdẹ́wùyì ń kérora.

"O kò fi nǹkan kan ṣe mí. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá kì í ráyè wọ ibẹ̀. Orúkọ yín kò ní ìlẹ̀kùn, mo kàn rìn wọlé ni. Ta ni kò lè kọ orúkọ ẹlòmíràn sẹ́yìn lẹ́tà? Àwọn tó ṣẹ́kù nínú àwọn ará odò yẹn ń wá ìrànwọ́. Mo ń lọ kọ̀wé sí wọn." Ó gbọn fìlà rẹ̀, ó sì lọ.

Ọdẹ́wùyì fi eyín gé okùn, ó wọ́ tẹ̀lé e dé ẹ̀yìn igbó, níbi tí odi ńlá kan dúró sí. Oníbodè odi náà ń jẹ́ Kò-mọ-ẹnìkan. Obìnrin ni, ó ga bí ìrókò, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tóbi bí ẹní. Òun fúnra rẹ̀ ni ó yọ ojú ara rẹ̀ dànù, nítorí ó ní ojú ni a fi ń tan oníbodè jẹ. Ó gbá Ọdẹ́wùyì lọ́rùn mú, ó gbé e sókè.

"Ta ni?"

"Ọdẹ́wùyì ti ẹgbẹ́ ọdẹ Ìdó-Eréjà ni, ìyá oníbodè."

"Ọdẹ́wùyì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́ kọjá lára mi. Ó ti wọ ilé opó kan, kò sì fi nǹkan sílẹ̀ fún un." Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún.

"Olè nìyẹn! Èmi ni mo rán ìkìlọ̀ omi!"

"Ẹ rọ́ dé lẹ́ẹ̀kan náà bí eéṣú, ojú kan náà ni gbogbo yín, orúkọ tó ti bàjẹ́ ni ẹ sì ń pè. Bẹ́ẹ̀ ni olè ṣe ń wá. Ta ló fi hàn mí pé ìyàtọ̀ wà? Ó dára, dá mi lóhùn. Bí o bá ṣì í, n óò jù ọ́ padà sọ́dọ̀ àwọn Agbálẹ̀. Ẹnu mélòó ni orúkọ yín ní?"

Ọdẹ́wùyì ronú, èémí sì ń tán nínú rẹ̀. "Ẹnu kan. Kọ̀ǹpútà tó wà nílé ẹgbẹ́ ọdẹ ni ẹnu wa. Ohùn tó bá gba ibòmíràn jáde, kì í ṣe tiwa."

"Ó dá ọ lójú?"

"Mo mọ àwọn ènìyàn mi."

Kò-mọ-ẹnìkan gbẹ́ orúkọ ilé náà sára òpó kan tó dúró ní ojúde orúkọ wọn, níbi tí gbogbo oníbodè ayé lè fọwọ́ kàn án. "Ìkejì: kí ni o ní, tó jẹ́ pé bí o bá fi hàn gbogbo ayé, olè kò lè ní irú rẹ̀?"

Ọdẹ́wùyì kò mọ̀ ọ́n. Oníbodè náà bá fa ìka ọmọńdinrín rẹ̀, ó gé e, ó sì rọra bó awọ kúrò lára egungun bí ẹni ń bó iṣu. Ọdẹ́wùyì ké títí etí orí igi fi wárìrì. "Egungun yìí, tìrẹ ni," ó ní. "Fi pamọ́, má fi han ìyá tó bí ọ. Òun ni o óò máa fi tẹ èdìdì sára ìkìlọ̀ kọ̀ọ̀kan. Awọ yìí, n óò kàn án mọ́ òpó ní gbangba. Ìkìlọ̀ tó bá dé, n óò fi awọ bo èdìdì rẹ̀. Bí wọ́n bá ba ara wọn mu, tìrẹ ni. Bí ẹnìkan bá yí ọ̀rọ̀ ẹyọ kan padà lójú ọ̀nà, wọn kò ní bá ara wọn mu mọ́."

Ẹ̀jẹ̀ ń kán sílẹ̀ tó, tó. Kò-mọ-ẹnìkan gbé e sọ̀ kalẹ̀.

"Ìkẹta. Bí ẹnìkan bá dé ní orúkọ yín, tí ilé rẹ̀ kò sí lórí òpó, tí kò sì ní èdìdì, kí ni kí n fi í ṣe?"

"Ẹ pa á."

"Rọra. Ọdẹ ni ọ́. Bí o bá fẹ́ dẹ pàkúté sójú ọ̀nà, ṣé o kì í kọ́kọ́ wo ipasẹ̀ tó ń gba ibẹ̀? Jẹ́ kí n máa ṣọ́ ọ ná. N kò ní fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, n óò máa ròyìn gbogbo ẹni tó bá wá ní orúkọ yín fún ọ, àti ilé tí wọ́n ti wá. Bí ó bá tún yá, n óò máa jù wọ́n sígbó. Ìgbẹ̀yìn ni pípa."

"Ẹ pa á lẹ́nu bodè. Ẹ má bi í léèrè."

"Ẹnu rẹ ni mo gbọ́?"

"Ẹnu mi ni."

Àwọn àgbà ní ìbínú kò da nǹkan, sùúrù ni baba ìwà. Ọ̀rọ̀ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń mi orí yẹn, ta ni nínú yín tó lè sọ ọ́ fún ẹni tí òórùn ọmọ rẹ̀ nínú iná ṣì wà nímú rẹ̀?

Kò pẹ́, Agbórúkọwọ̀ dé, ó ń súfèé. Ó ti gbọ́ nípa ìka, ó ti gé tirẹ̀ náà! Ó na ọwọ́ sí oníbodè, ó ń fi ohùn Ọdẹ́wùyì kí i. Kò-mọ-ẹnìkan fọwọ́ pa òpó, ilé tó ti wá kò sí níbẹ̀. Ó fi awọ bo egungun rẹ̀, kò bá a mu. Ó bá fi èékánná há etí ojú rẹ̀, ó bó o. Ojú ọ̀gá báńkì kan wà lábẹ́ rẹ̀. Ó bó ìyẹn náà. Ojú òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan wà lábẹ́ rẹ̀, ojú opó, ojú ọmọ aláìsàn tó ń tọrọ owó iṣẹ́ abẹ. Bó ṣe ń bó wọn ni ohùn wọn ń ké lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó bó èyí tó kẹ́yìn, kò sí ẹnikẹ́ni lábẹ́ rẹ̀. Ọdẹ́wùyì jókòó sórí òkúta, ó wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní ó dùn mọ́ òun bí oyin.

Nígbà tó padà dé Ìdó-Eréjà, ohun tí oníbodè gbẹ́ sára òpó lọ́hùn-ún ti hàn sábẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ nínú kọ̀ǹpútà níhìn-ín. Ó fi egungun ìka rẹ̀ tẹ èdìdì sára ìkìlọ̀ kan, ó fi dán an wò, gbogbo ará odò sì rí i lójú ẹsẹ̀. Ìlú hó yèè. Wọ́n gbé e lé èjìká. Olúọdẹ Akínjọ́gbìn bu ẹmu fún un, ó súnmọ́ ọn.

"Ọdẹ́wùyì, o kú ewu. Nígbà tí o kò sí, a ní kí Ọdúnlámì, àbúrò rẹ..."

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe fi eyín gé okùn ná!"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Akínjọ́gbìn náà rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì bọ́ sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó gbé e.

Ọ̀rọ̀ náà ni pé Ọdúnlámì, àbúrò Ọdẹ́wùyì lọ́mọ ìyá, ni nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní Òkè-Ìṣọ́. Ojú fèrèsé rẹ̀ ni odò ń gbà kọjá. Nígbà tí Ọdẹ́wùyì wà nínú igbó, òun ni ẹgbẹ́ ní kí ó máa kìlọ̀ ní orúkọ wọn, láti orí kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn náà. Iṣẹ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó gbà á.

Òjò tún dé. Ọjọ́ tí omi wú, Ọdẹ́wùyì wà ní ìlú kejì, níbi tí wọ́n ti pè é pé kó wá ròyìn ìrìn-àjò rẹ̀. Ọdúnlámì rí omi, ó kọ ìkìlọ̀, ó tẹ bọ́tìnnì, kọ̀ǹpútà sì sọ fún un pé ó ti lọ. Ó wé gèlè rẹ̀ mọ́dìí.

"Níbo lò ń lọ, Ìyá Ìbídùn?" ni Àjàgbé ọkọ rẹ̀ bi í.

"Ẹ̀bádò ni, Bàbá Ìbídùn. Àwọn géńdé á ti máa gòkè bọ̀. Àwọn arúgbó ni mo fẹ́ ràn lọ́wọ́."

"Omi ọ̀hún ńkọ́?"

"Wọ́n ti gbọ́. N óò bá wọn lójú ọ̀nà."

Kò bá ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà. Ó dé Ẹ̀bádò, ó bá wọn tí wọ́n ń sá ẹ̀gẹ́. Ó kígbe, ó ń sáré láti ilé dé ilé, ó ń fọwọ́ gbá ìlẹ̀kùn. Àwọn kan sá. Ìgbà tí ẹnìkan rí i kẹ́yìn, ó gbé bàbá arúgbó kan pọ̀n, omi ti dé ọmú rẹ̀, ó sì ń bá bàbá náà sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ.

Ní àkókò náà gan-an, fóònù dún lápò Ọdẹ́wùyì. Ìròyìn láti ọ̀dọ̀ oníbodè ni: "Mo pa àwọn kan. Orúkọ yín ni wọ́n jẹ́. Wọn kò ní èdìdì." Ọdẹ́wùyì na fóònù sókè láàárín àwọn tó gbà á lálejò. "Mo tún ti pa òmíràn!" Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n tún bu ẹmu fún un. Ó mu ún tán kó tó ka ìyókù: "Ilé tí wọ́n ti wá: ilé ìwòsàn Òkè-Ìṣọ́."

Igbá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sáré, ẹ̀yin ènìyàn mi. Èmi tí mo ti sá fún erin, n kò sáré bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tó dé Ẹ̀bádò, ẹrẹ̀ ló bá. Ní ẹ̀bá ìgbẹ́ ni wọ́n ti rí òkú Ọdúnlámì, apá bàbá arúgbó náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Wọ́n sin ín, Ọdẹ́wùyì sì padà sí bodè pẹ̀lú ìbọn. Ó nà án sí àyà Kò-mọ-ẹnìkan. Obìnrin náà kò yẹ̀.

"Ohun tí o ní kí n ṣe ni mo ṣe."

"Ṣé wọ́n sọ̀rọ̀?" ni Ọdẹ́wùyì béèrè.

"Wọ́n sọ̀rọ̀. Ohùn obìnrin ni. Wọ́n ní omi ń bọ̀. Wọ́n ní Ọdẹ́wùyì ni ẹ̀gbọ́n àwọn, pé bí mo bá pe Ọdẹ́wùyì, yóò dá àwọn mọ̀."

"Ẹ kò sì pè mí."

"O ní kí n má bi wọ́n léèrè."

Ọdẹ́wùyì sọ ìbọn sílẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tó dìde, ó padà sílé, ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé ní gbogbo Ìdó-Eréjà, ó ń bi àgbà àti ọmọdé pé, "Ṣé ẹ máa ń fi orúkọ ẹgbẹ́ ránṣẹ́? Láti ibo?" Ẹni tó dáhùn pọ̀ ju bó ṣe rò lọ. Ó kó gbogbo ilé wọn lọ bá oníbodè, ó ní kí ó gbẹ́ wọn sára òpó. Ó na ìka mìíràn sí i fún èdìdì ilé ìwòsàn, kò sì ké lọ́tẹ̀ yìí.

"Ọ̀rọ̀ pípa ńkọ́?" ni Kò-mọ-ẹnìkan wí. "Ṣé kí n dẹwọ́?"

Ọdẹ́wùyì gbọ́ ìfé tó ń bọ̀ láti inú igbó, kì í ṣe ẹyọ kan. Agbórúkọwọ̀ ní àbúrò. "Rárá," ó ní. "Ẹ máa pa wọ́n."

Ọdún tó tẹ̀ lé e, omi wú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì tuntun ní Òkè-Ìṣọ́ ló kìlọ̀, Ọdẹ́wùyì náà kìlọ̀, èdìdì wọn pé, bodè ṣí, gbogbo fóònù etí odò sì dún lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo wọn gun òkè, àwọn ọmọdé ló ṣáájú. Omi gbé ilé, ó gbé oko, kò rí ènìyàn kan gbé.

Ọdẹ́wùyì ń rìn láàárín wọn lórí òkè, ó ń kí wọn kú ewu. Ó dé ibi tí Àjàgbé jókòó sí pẹ̀lú Ìbídùn ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

"Àna mi, ẹ kú ewu."

Àjàgbé mú fóònù rẹ̀ jáde, ó wò ó, ó yí ojú rẹ̀ sí Ọdẹ́wùyì kí ó lè rí i.

"Ó dé, ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Kò pẹ́ rárá tó fi dé."

Ó fi fóònù sápò, ó gbé ọmọ rẹ̀, ó sì lọ jókòó sí ibòmíràn.

Ibi tí Ọdẹ́wùyì dúró sí lórí òkè ọjọ́ náà ni èmi náà fi í sí. Ẹ gbé àpótí ìjókòó yín, kí ẹ máa lọ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kù nínú rẹ̀, kí ó bá ará ilé rẹ̀ sọ ọ́.